Agbára Tó Wà Láàárín Irin Méjì

Ní Kétu, níbi tí mo ti fẹ́ tẹ̀wé, mo gbọ́ tí obìnrin kan níwájú mi ń bẹ ọkọ ẹ̀ pé kí wọ́n má tíì di ìwé ìwádìí òun pọ̀.

"Ọ̀la lo máa lọ dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀ ní yunifásítì! Kí ló tún dé?"

"Daddy Ìbejì, mo ṣàṣìṣe. Tí irin méjì bá sún mọ́ra gan-an níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá, agbára kan á máa fà wọ́n síra. Mo ṣírò agbára yẹn, àmọ́ mi ò ka ooru sí."

"Ṣé ooru ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Tí wọ́n bá sún mọ́ra, kò tó nǹkan. Tí wọ́n bá jìnnà díẹ̀ síra, òun gan-an ló máa gbapò."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀. Èmi tí mò ń làágùn ní Kétu, mo kọ̀wé bíi pé kò sí ooru láyé."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ọkọ ẹ̀ yíjú sí ẹni tó ń tẹ̀wé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Obìnrin náà ti gbé fóònù sétí. "Ẹ káàsán, Prof. Mi ò ní lè wá lọ́la, sà."