Màmá Àgbà Tilẹ̀kùn Mọ́ Dùùrù

[Orí fóònù. Afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi]

ARGO: Ẹ̀gbọ́n Piret, ẹ káàárọ̀ o. A ti wà lójú omi, àwọn ará músíọ̀mù ń mu kọfí—

PIRET: Káàárọ̀. Dá wọn padà.

ARGO: Kí lẹ wí?

PIRET: Màmá àgbà ti ti ara wọn mọ́ yàrá pẹ̀lú dùùrù onígi àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé sórí itan ta. Ṣé o gbọ́ mi?

ARGO: Ẹ sọ fún wọn pé àwòrán lásán ni wọ́n fẹ́ yà—

PIRET: Irọ́. Wọ́n ti ka lẹ́tà tó o kọ sí músíọ̀mù. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí oníwàásù kan sun gbogbo dùùrù erékùṣù Vormsi yìí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, bàbá àgbà tiwọn rì tiwa mọ́lẹ̀ nínú abà. Iná ò rí i mú, ìwọ wá fẹ́ gbé e sínú àpótí gíláàsì.

ARGO: Okùn onírun ẹṣin ẹ̀ ti ń já. Ta ló ń ta á mọ́?

PIRET: Àwọn ni. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí. Ó ti dákẹ́ báyìí.

ARGO: Wọn ò ní fi dáná ṣá? Ṣé èéfín ń jáde lórí ilé?

PIRET: Ó ń jáde tẹ́lẹ̀. Ó ti dá.

ARGO: Ìgbà wo ni wọ́n dáná?

PIRET: Kò tíì pé wákàtí kan.

ARGO: Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ti irin ihò èéfín ààrò kí ooru má bàa lọ, ẹyin iná ṣì ń jó nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú ẹ̀ á pa wọ́n. Ẹ fọ́ fèrèsé.

PIRET: Mo rò pé wọ́n ń bínú ni—

ARGO: Ẹ fọ́ ọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Gíláàsì fọ́. Ikọ́]

PIRET: Mo ti wọlé. Mo ti fa irin yẹn. Wọ́n jókòó sórí àga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n bíi ti ọmọ tó ṣeré nínú yìnyín. Màmá àgbà. Màmá.

ARGO: Ṣé wọ́n ń mí?

PIRET: Díẹ̀. Mi ò rí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

ARGO: Ẹ gbé wọn gba ojú fèrèsé. Ẹ fi dùùrù sílẹ̀.

PIRET: Ọwọ́ òsì wọn wà nínú ihò tí wọ́n máa ń kì í bọ̀ láti ta dùùrù, lẹ́yìn okùn. Oríkèé ìka ti wú, kò jáde. Fèrèsé ò sì gba àwọn àti—

ARGO: Ẹ fọ́ ọ.

PIRET: Mo ti fọ́ fèrèsé.

ARGO: Dùùrù. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọ́—

[Igi ṣẹ́. Ìpè já]