Mo Kọ "Kò Sí" Síbi Tí Ìyá Àgbà Ti Dáhùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi áàpù náà sórí fóònù gbogbo àwọn tó ń kó kòkó ní agbègbè wa.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ore ló gbà mí láti máa bi àwọn àgbẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè fi ṣe áàpù tí yóò máa júwe ọ̀nà oko. Mo ní láti kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni: "Kí lẹ máa ń ṣe tí nǹkan ò bá lọ bó ṣe yẹ?"

Ní abúlé Ajue, ìyá àgbà kan ní, "Tí ọ̀nà odò bá dákẹ́, a máa ń padà sílé."

Mo ní, "Mà, ṣé ọ̀nà máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fóònù ti dí ẹ létí. Tí ẹyẹ ò bá ké, tí ìrẹ̀ ò dún, má kọjá ibẹ̀ o."

Ojú tì mí láti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá mi. Mo kọ "Kò sí."

Nígbà tí wọ́n ṣe áàpù náà tán, èmi àti Akin, tó ń gun ọ̀kadà ilé iṣẹ́, lọ dán an wò. Ọ̀sán gangan ni. Fóònù ní ká yà sí ọ̀nà odò. A ò tíì rìn jìnnà tí gbogbo igbó dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì wa nìkan ni mò ń gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ló le. Mo rántí ìyá àgbà. N ò sọ fún Akin. Mo ní kó dúró kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti ìtọ̀ yín. Ẹ má pẹ́ o."

Ó yí kọ́nà. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀kadà dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàtà Akin méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọjú sí odò. Fóònù tó wà lórí ọ̀kadà ń sọ pé, "Ẹ máa lọ tààrà."

Gbogbo abúlé wá a títí. A ò rí i.

Ìyàwó rẹ̀ ní Odigbo ṣì máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan tó kù tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Mo máa ń dáhùn pé, "Kò sí."

Ọ̀nà odò yẹn ṣì wà nínú áàpù náà. Tí mo bá ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n á bi mí léèrè ìdí tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ilé iṣẹ́ ni àbí ìyàwó Akin? Ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.