Nọ́ọ̀sì Tó Ń Jáde

Nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Harrow Manorway nílùú òyìnbó, ìyá kan tó jókòó níwájú mi ń fi ìwé físíìsì bi ọmọ rẹ̀ obìnrin léèrè, torí ìdánwò ọ̀la.

"Kí ni ewu rédíéṣọ̀n?"

"Ó lè ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́, kó sì fa jẹjẹrẹ."

"Ṣebí òun náà ni wọ́n fi wo jẹjẹrẹ ọmú mi sàn."

"Òun náà ni, Mummy. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ."

"Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi máa ń sá jáde tí wọ́n bá ti fẹ́ tan ẹ̀rọ yẹn, táá fi èmi nìkan sílẹ̀? Ó dùn mí gan-an nígbà yẹn."

"Kò sá fún yín. Ìwọ̀nba ìgbà lẹ̀yin fi gbà á, kẹ́ ẹ lè yè. Tí òun ò bá jáde, ojoojúmọ́ láá máa gbà á."

Kò sá fún yín. Ìyá náà pa ìwé dé, ó wo gbogbo wa yí ká.

"Tún un sọ," ó ní. "Gbé ohùn sókè díẹ̀."