Kẹ́ẹ̀gì Méjì Tí Mo Tú Nínú Ọkọ̀ Káyọ̀dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ní Àkúrẹ́ níbí, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni wọ́n mọ̀ mí sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu yìí kò lè sọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, opó kan wá bá mi nílé nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi. Apẹja ni, òun ló ń darí ọkọ̀ rẹ̀, létíkun Ìlàjẹ níbi tí gbogbo wa ń gbé nígbà náà. Èmi ni mo máa ń yan ẹja rẹ̀, tí mo ń kó o wá tà ní Àkúrẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì wà tí Káyọ̀dé so mọ́ abẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí ni àwọn apẹja máa dì mú kí wọ́n má baà rì. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Ìlú le lọ́dún yẹn, kẹrosíìnì di ohun àwátì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ pé wọ́n ń tà á ní Àkúrẹ́, mi ò sì ní kẹ́ẹ̀gì. Mo tú méjèèjì. Mi ò tọrọ, torí mo mọ̀ pé kò ní gbà. Mo ní ṣebí ọ̀la ni Sọ́ńdè, ẹnì kankan kì í wọ òkun ní Sọ́ńdè lọ́dọ̀ wa. Kí Mọ́ńdè tó mọ́, màá ti so wọ́n padà.

Ebi ò mọ Sọ́ńdè. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò rí ẹja gidi pa. Káyọ̀dé àtàwọn mẹ́ta wọ òkun ní ìdájí, kí ará ìjọ má baà rí wọn. Nínú òkùnkùn àti ìkánjú yẹn, ta ló máa yẹ abẹ́ ìjókòó wò?

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn, mo padà dé láti Àkúrẹ́, mo bá ẹkún létí omi. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè. Ó ní nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ dé, àwọn nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì, okùn lásán làwọn bá. Káyọ̀dé lọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan lọ. Òkun ò dá òkú kankan padà.

Wọ́n ní Káyọ̀dé ló ta kẹ́ẹ̀gì, pé ojúkòkòrò ló fi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀. Mo sunkún, mo sì dákẹ́. Kẹrosíìnì yẹn ni mo fi se oúnjẹ fáwọn tó wá kí wa kú ará fẹ́ra kù.

Ìyàwó rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Lọ́dọọdún, ṣọ́ọ̀ṣì etíkun máa ń ka orúkọ àwọn tí òkun gbé lọ, gbogbo ìjọ á dìde dúró. Ìyá àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ní bí wọ́n bá ka Káyọ̀dé mọ́ àwọn ọmọ òun, òun á jáde. Wọn ò kà á rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, opó Káyọ̀dé kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá yẹn. Ẹ ní mo gbà pé ọkọ mi jẹ̀bi. Kí wọ́n ṣáà ka orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú."

Mo fà á dìde, mo ní màá lọ. Ó gbàdúrà fún mi títí ó fi wọ mọ́tò.

Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ka orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún: ẹni tí mo sọ ọkọ rẹ̀ di ọ̀daràn, àbí ìyá tí mo gba ọmọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀?