Oyè Kì Í Ṣe Afárá

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ máa kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín kí ẹ tó káàánú mi. Bàbá mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ewúrẹ́ ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ewúrẹ́ ni mo pè é. "Ewúrẹ́, bá mi sọ fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ yẹn pé mo jí ire. Sọ fún un kó má tẹ èlùbọ́ tí màmá rẹ̀ sá." Èmi náà á wá wo ewúrẹ́ lójú, màá ní, "Ewúrẹ́, bá mi kí Bàbá, sọ fún wọn pé mi ò tẹ̀ ẹ́." Màmá mi ní kí n má dá ewúrẹ́ lóhùn mọ́, pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Mo mọ̀. Ìwọ tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín yẹn, bó bá jẹ́ pé ẹran ló ń jíṣẹ́ láàárín ìwọ àti bàbá tó bí ọ lọ́mọ, ṣé oorun á kùn ọ́? Tí mo bá wọ yàrá mi tán, ẹ̀rín a gbẹ lẹ́nu mi.

Kí ni mo ṣe? Òótọ́ ni mo sọ. Ibi tí mo ti sọ ọ́ ló di ẹjọ́.

Ìlú wa kékeré ni, kò jìnnà sí Rore. Odò kan wà tó dá ọ̀nà wa sí méjì, Àlùkò la ń pè é. Lẹ́ẹ̀rùn, adìyẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Tí òjò bá dé, ó máa ń fẹ̀ bí ẹni tó jogún. Iṣu á wà lápá ibí, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ sí Òmù-Àrán á wà lápá ọ̀hún, aboyún á jókòó sórí ọ̀kadà létí omi, á máa wo ọ̀nà ilé ìwòsàn bí ẹni ń wo òṣùpá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn fẹ́ ṣe ọ̀nà náà, tọmọdé tàgbà ló jó.

Àwọn ará ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ wá, wọ́n mú kọngílá tó máa ṣiṣẹ́ dání, a pàdé níwájú ààfin. Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò bí ẹni ń lọ sódò ẹja, ló ka àdéhùn fún wa, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Kọngílá á da ọ̀dà, á la gọ́tà, á sì ṣe afárá sórí Àlùkò. Àwa ará ìlú á yọ̀ǹda ilẹ̀, a ò sì ní dí wọn lọ́wọ́. Ọ́fíìsì tiwọn á máa wá wo iṣẹ́ lóòrèkóòrè, wọn ò sì ní gbà á lọ́wọ́ kọngílá àfi tó bá pé. Ó wá ní lọ́jọ́ tí àwọn bá fẹ́ gba iṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀nà, lójú gbogbo ènìyàn, kó sọ bóyá iṣẹ́ tẹ́ ìlú lọ́rùn. "Ẹ má wá máa sọ ọ́ fún mi lábẹ́lẹ̀ o," ó ní. "Ohun tí ẹ bá sọ lórí ọ̀nà ni mo gbọ́." Wọ́n ní ta ló máa sọ ọ́. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Nínú gbogbo ẹnu tó wà nílùú, tèmi ni wọ́n yàn. Ẹ ò rí i pé àwọn náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kọngílá yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ mọ́ ọn, ọlọ́yàyà ènìyàn ni. Ó ní kí katakata rẹ̀ bá wa tẹ́ ilẹ̀ yídì, kò gba kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yídì yẹn sílẹ̀, ọdún yẹn la kọ́kọ́ foríkanlẹ̀ níbẹ̀ tí òkúta ò gún wa níwájú orí. Ni àwọn àgbà bá ní ẹni tó ṣe báyìí kì í ṣe àlejò mọ́. Ọ̀dà ò tíì dé odò, a ti fi jẹ Atúnlùúṣe. Bàbá mi ni Ẹ̀sà, igbá-kejì ọba, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi fi ewé akòko sí i ní fìlà. Èmi náà jó títí bàtà mi fi já.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti joyè, a kì í fẹ̀sùn kàn án ní gbangba? Bó bá ṣẹ̀, ààfin la ń gbé e lọ, a á ti ilẹ̀kùn, a á sọ ọ́ láàárín ara wa. Àṣà tó dára ni. Ilé tí ì bá tú, àìmọye ni àṣà yẹn ti bá wa so pọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí pé orí ọ̀nà nìkan ni ẹnjiníà ti ń gbọ́rọ̀, inú ààfin sì nìkan la ti ń bá olóyè wí.

Nígbà tí kọngílá tó ti di Olóyè yìí dé odò, ó kó òkúta sí i, ó da ọ̀dà lé e. Ó ń dán. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, kò sómi tó máa jà. Àwọn àgbà pè é sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní afárá ń bọ̀. Wọ́n tún pè é, ó tún dọ̀bálẹ̀. Olóyè ni, ta ló máa ní irọ́ lò ń pa?

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gba iṣẹ́, Bàbá pè mí.

"O ò ní dárúkọ afárá lónìí."

"Bàbá, kí wá ni kí n sọ?"

"Sọ pé a dúpẹ́. Ìyókù, a ó yanjú ẹ̀ nílé."

"Bàbá, odò ò sí nílé."

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, ò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi oyè lé e. Tó o bá tú u síhòòhò lójú títì, èmi lo tú."

A dé orí ọ̀nà. Ẹnjiníà bèèrè bóyá ó tẹ́ wa lọ́rùn. Mo wo Bàbá, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún kọngílá, mo ní, "Olóyè, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà yìí dára. Afárá ò sí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, ẹ má dá a lóhùn, aláwàdà ni."

Obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó fi bàtà òjò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó wá ihò tí omi máa gbà lábẹ́ ọ̀nà títí, kò rí ìkankan. Ó gòkè wá, ó ní òun ò gba iṣẹ́.

"Ẹ rántí pé olóyè ìlú yìí ni mí o," kọngílá sọ.

"Olóyè ni yín lọ́dọ̀ tiwọn, sà. Lọ́dọ̀ tèmi, kọngílá ni yín."

Ẹnu ti yá mi, mo yíjú sí òun náà. "Àǹtí, ẹ ní ẹ ó máa wá wo iṣẹ́ lóòrèkóòrè. Ibo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà lé òkúta?"

Ó ní, "Ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Ó yẹ ká ti wá." Mo bọ̀wọ̀ fún un láti ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Olóyè ti fi fìlà oyè ránṣẹ́ padà sí ààfin. Bàbá mi ni wọ́n gbé e fún. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti bá mi sọ̀rọ̀.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ wá rọ̀, Àlùkò gbé ọ̀dà, ó gbé òkúta, ó ń lọ. Mo sáré lọ sétí odò nítorí mo mọ̀ pé Bàbá wà lóko. Wọ́n dúró lápá ọ̀hún, wọ́n so ṣòkòtò mọ́ orókún. Mo wọ́dò lọ bá wọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n dúró pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gun ẹ̀yìn mi. Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi dé ìbàdí mi, wọ́n ní, "Omi yìí tutù." Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bí a ṣe gòkè, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń lọ sílé, wọn ò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹnjiníà ń padà bọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa bóyá ká di kọngílá mú lórí afárá, tàbí kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe kó sì máa lọ. Àwọn àgbà ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n sọ pé a ti fojú fò ó, pé kọngílá á gba fìlà rẹ̀ padà, àti pé lọ́jọ́ náà gan-an ni bàbá mi á dá mi lóhùn. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ ibi tó ń dùn mí?

Mi ò ní sọ ọ́. Ọmọ tó ti pọn bàbá rẹ̀ kọjá odò kò lè dúró síbẹ̀ kó sọ fún àlejò pé ọ̀nà ti wà. Afárá ni mo máa bèèrè, bí mo bá sì bèèrè tán, mo máa lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú Bàbá títí wọ́n á fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ bàbá yín rí tí inú wọn sì padà rọ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ta lẹ rán? Kí lẹ gbé dání? Ẹ kọ́ mi ní ẹ̀bẹ̀, mo bẹ̀ yín. Irọ́ ni kí ẹ má kọ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n pa dáadáa, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mi ò ní pa á.