Àkísà Pupa tí Ọlọ́run Fi Gba Iṣẹ́ Fúnmi Là

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run tí kò wo ti àìmọ̀wé mi. Baba, mo dúpẹ́ o! Tọ́pẹ́ ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu èmi gan-an ló ti ń jáde.

Ẹ ò tíì gbàgbé ọdún tí ìjì ká páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, tí a ń ṣí agboòrùn jọ́sìn. Ọdún yẹn ni. Fúnmi, àbíkẹ́yìn mi, ń ṣe máàsítà ní yunifásítì. Ọdún mẹ́ta ló fi ń rìn ká oko Ẹdúnàbọ̀n, tó ń bi àwọn àgbẹ̀ léèrè nípa àrùn kòkó. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, inú kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́ sí. Fúráìdeè ló gbọ́dọ̀ gbé e fún ọ̀gá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún mìíràn. Kọ̀ǹpútà bá kún! Kò gba ọ̀rọ̀ kan mọ́. Àwọn díìsìkì pẹlẹbẹ tó da iṣẹ́ náà kọ sí tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Òjò tó jò wọ yàrá rẹ̀ ti bà wọ́n jẹ́.

La bá pe ẹnjiníà kan wá sílé wa ní Òkèrèwè lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ó tú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé màá rí ìwé nínú rẹ̀, àfi irin dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Háàdì díìsìkì ni wọ́n ń pè é. Ó mú òmíràn jáde nínú báàgì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní òun máa kó iṣẹ́ Fúnmi kúrò nínú ti àtijọ́ sínú tuntun, òun á wá fọ ti àtijọ́ mọ́, kí àyè lè wà.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Olúwa, mi ò mọ nǹkan kan nínú èyí. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀, òun ni kí O lò." Kí ni mo mọ̀? Adìyẹ ni mo mọ̀. Ní agboolé wa, àkísà ni oníkálùkù ń so mọ́ adìyẹ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí tèmi má baà di tìrẹ. Pupa ni tèmi. Mo ya etí gèlè mi kan tó ti gbó, mo ní kí ẹnjiníà so ó mọ́ tuntun tí iṣẹ́ ọmọ mi ń lọ sínú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, kì í ṣe adìyẹ o, kò ní sá lọ!"

"Ṣáà bá mi so ó, ọmọ mi. Tó bá yé ẹyin, màá fún ọ níbẹ̀."

Ó so ó. Bó ṣe kó iṣẹ́ náà tán báyìí, wọ́n mú iná lọ. Ó yọ méjèèjì kúrò lára wáyà, ó bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí iná dé, ó gbé ọ̀kan, ó dà á dojú bolẹ̀, ó so ó padà. Ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ òfìfo yìí."

Mò ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo wò báyìí, mo rí etí àkísà mi bíńtín lábẹ́ irin náà. "Dúró ńbẹ̀! Adìyẹ mi nìyẹn!"

"Màmá, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Fúnmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i wò ná. Màámi kì í ṣi adìyẹ wọn mú."

Ó ṣí i. Yéè! Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ọmọ mi ló tò sínú rẹ̀ rẹrẹ! Nínú ti àtijọ́, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ká ní ó tẹ bọ́tìnnì yẹn ni, ó parí. Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èmi tí mi ò mọ A yàtọ̀ sí B!

Fúnmi gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní Fúráìdeè, ó sì yege. Ẹ wá wo fọ́tò rẹ̀ ní pálọ̀ mi, pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó! Ògo yìí, ti Jésù ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo pe àwọn ọmọ mi márààrún jókòó. Mo ní, "Ẹ kàwé dé ibi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwé bá dákẹ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ pe Ọlọ́run, kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ mi. Gèlè yẹn ṣì kù."