Èmi ni Etí Ò Di

Ọládiípọ̀ kò gba omi tí wọ́n gbé wá fún un. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní bùrọ̀dá títí òun yóò fi sọ ohun tó gbé òun wá sí ilé wọn l'Émùré lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn. Lawrence, tí Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀ kó wá láti Ìkẹ́rẹ́, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìbídùn, tó ti dá òrùka àdéhùn ìgbéyàwó padà fún Lawrence yìí, kò wo apá ibẹ̀ rárá. Ìyá Ìbídùn ló wà láàárín wọn. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Ọládiípọ̀, òun náà ló sì tọ́ ọ dàgbà.

"Irọ́ yìí ti pẹ́ jù lẹ́nu mi, ó ti rà," ni Ọládiípọ̀ wí. "Màmá, Lawrence kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni Etí Ò Di."

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ náà nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Lórí Fesibúùkù, Etí Ò Di ló máa ń sọ tẹnu rẹ̀ nípa orin àti fíìmù: orin yìí dùn, tọ̀hún ò dùn, òṣèré yìí ń sunkún bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú, fíìmù yẹn ì bá ti parí láti ìdajì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán. Tíṣà girama ni Ọládiípọ̀, bó bá sì ti máàkì ìwé tán ló máa ń kọ ọ́. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá gbọ́ táwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi ara wọn pé, "Ṣé ẹ rí ohun tí Etí Ò Di tún wí?"

Ìgbà tí Ìbídùn ti Ìbàdàn dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó lọ ká orin kan sílẹ̀ ní sitúdíò Lawrence, ó sì kọ́kọ́ gbé e wá fún Ọládiípọ̀ kó gbọ́. Ọládiípọ̀ ní kó yọ ìdárò tó fi èdè Èkìtì bẹ̀rẹ̀ orin náà kúrò, pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní fetí sí i. Ìbídùn dúpẹ́, kò sì yọ ọ́. Kò pé oṣù kan tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ìdárò yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń kọ lẹ́nu.

"Inú bí mi," ni Ọládiípọ̀ wí. "Kàkà kí n gbà pé mo ṣì í, mo fi orúkọ Etí Ò Di kọ ọ́ pé ó jí orin náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní Ìlúmọba tó ti kú. Kò sí ìyá arúgbó kankan. Kí wọ́n lè gbà mí gbọ́, mo fi kún un pé jẹnẹrétọ̀ kú lọ́jọ́ tí wọ́n ń ká orin náà sílẹ̀, àti pé Ìbídùn sunkún. Òun ló sọ fún mi. Ìkà ni mí, Màmá."

Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Ìbídùn yẹra fún kọ́áyà. Wọ́n ń pè é ní olè orin. Ó sunkún wá bá Ọládiípọ̀ pé kó bá òun kọ èsì. Ọládiípọ̀ bá a kọ ọ́, ó tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Bó ṣe lọ tán, Etí Ò Di bọ́ síta, ó fi èsì náà ṣẹ̀fẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó burú jù ṣì wà. Ìbídùn bi mí léèrè pé, 'Bùrọ̀dá, àbí Lawrence ni Etí Ò Di? Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú.' Mo ní, 'Ẹni tó sún mọ́ni ló ń mọ ibi tó ń dunni.' Lọ́jọ́ kejì ló dá òrùka padà. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé Lawrence ń ta ẹ̀rọ sitúdíò rẹ̀, pé ó fẹ́ fi Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọládiípọ̀," ni ìyá wí, "kì í ha ṣe inú ulé mi lo dàgbà sí? Uṣu tí mo gún fún ọmọ mi, mi ò gún un fún ìwọ náà?"

Ìbídùn wá wò ó. "Bí orin mi ò bá dáa, ẹ̀ bá sọ ọ́ síta. Ojoojúmọ́ lẹ ń bẹnu àtẹ́ lu orin ẹlòmíràn. Kí ló dé tó jẹ́ tèmi lẹ parọ́ mọ́?"

"Nítorí pé ó dáa ni."

"Ẹ dìde. Àwa mẹ́ta péré la gbọ́ ọ níbí. Ibi tẹ́ ẹ ti bà mí jẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ dọ̀bálẹ̀."

Ọládiípọ̀ fa fóònù yọ, ó fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ kọ ìjẹ́wọ́ náà sójú ìwé Etí Ò Di. Ìbídùn gbà á kà kó tó gbé e síta. "Ẹ kọ 'mo ṣe àṣìṣe' síbí. Ẹ pa á rẹ́. 'Mo parọ́' ni kẹ́ ẹ kọ." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ló kọ pé: "Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń kan sáárá sí mi, bí orin kan ò bá dùn mọ́ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi orúkọ yín sí i. Ẹ má bà á jẹ́ nítorí pé ó dùn. Ìbídùn, Lawrence, ẹ foríjì mí."

Lawrence dìde. Ìbídùn pè é. "Ọkùnrin yìí parọ́ mọ́ mi," ni Lawrence wí, "ìwọ lo gbà á gbọ́." Ó jáde. Ìbídùn sáré tẹ̀ lé e láì wọ bàtà.

Ìyá nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ náà máa lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá dárí jì ọ́, n ó ránṣẹ́ pè ọ́."

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Kò tíì ránṣẹ́.